Ṣé owó tó ń wọlé fún yín tó? Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nílẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi.

Arákùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kàbà. Ó níyàwó, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ l'Ábújà, 400,000 náírà lóṣù, ó sì fẹ́ yá owó tí yóò fi kó ẹrù lọ. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò lè fìdí lélẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ náà, mo sì ti rí ohun tó pọ̀ nínú ìwé yẹn. Mo ti rí ẹni tó ń gba owó oṣù ńlá tó jẹ́ pé kí oṣù tó dé ìlàjì ni yóò ti wá yáwó. Mo ti rí màmá tó ń yan gàrí, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí olówó, tí kò yá kọ́bọ̀ rí, àfi kó fi kún owó àjọ rẹ̀. Nítorí náà mo fa bébà yọ, mo ní kí arákùnrin náà jókòó ká jọ ṣírò.

Ọ̀nà tí a gbà ṣírò rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ó ní kí n lo ti ilé òun láì dárúkọ òun. Mo ti sọ àwọn iye kan di èyí tó rọrùn láti kà, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ṣe iye owó ọjà. Ẹ fi ti ìlú yín rọ́pò wọn, ìbáà ṣe Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mọ́pà, Ìyàrà tàbí Lọ́kọ́ja.

Ìgbésẹ̀ kìíní: owó tó dé ọwọ́ ni kí ẹ kọ

Ẹ má kọ iye tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ẹ kọ iye tí báńkì fi tó yín létí. Láàárín méjèèjì, wọ́n á ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, tó jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn mìíràn ń yọ owó ilé gbígbé, owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti gbèsè tí ẹ ti gbàgbé. Owó orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin tuntun ní kí wọ́n má gba owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí láàárín ọdún.

Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ní owó oṣù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ara wọn lọ́nà. Láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni kajú máa ń mú owó wá nílẹ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ta kajú 900,000 náírà, tó sì yọ 250,000 tó ná lórí lébìrà àti oògùn koríko, 650,000 ló kù. Owó ọdún kan gbáko nìyẹn. Ẹ pín in sí 12, ó di 54,166 náírà lóṣù. Ẹni tó bá ń náwó lóṣù kẹta bí ẹni tó ń gba 650,000 lóṣù, ẹ ó rí i lóṣù kẹjọ.

Owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ro èyí tó dé láàárín oṣù 12 tó kọjá pọ̀, ẹ pín in sí 12. Ìlérí kò sí nínú ìṣirò yìí.

Kí tọkọtaya ro tiwọn pọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí nira. Mo ti jókòó sáàárín ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ti fi ọdún 15 gbé pọ̀ tí ẹnì kan ò mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà. Mi ò rọ ẹnikẹ́ni láti kó owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí iye rẹ̀ sáà wà lórí bébà kan náà, nítorí ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń bù jẹ. Ní ti arákùnrin wa, iṣẹ́ tó ń ṣe ní Kàbà ń mú 210,000 wọlé, ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń mú 60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270,000.

Ẹ má sì fi owó oṣù tó kéré jù lọ ṣe òṣùwọ̀n. Òfin oṣù keje ọdún 2024 sọ ọ́ di 70,000 náírà, ìjọba Kogí sì fọwọ́ sí 72,500 lọ́dún náà. Ẹ pín 72,500 fún ènìyàn márùn-ún fún ọgbọ̀n ọjọ́: 483 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún oúnjẹ, aṣọ, oògùn, ọkọ̀ wíwọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́. Òfin náà kò sì de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìsọ̀, ilé oògùn àti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké tó wà láàárín wa ò sí lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó bínú sí olùkọ́ ọmọ yín pé ó ń ta ṣinṣín ní kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń san fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi kóńgò wọn oúnjẹ ilé yín

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má sọ pé "oúnjẹ wa máa tó bíi 80,000." Ẹ kọ ohun tí ilé ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní kóńgò àti ní iye iṣu, kí ẹ tó wá fi owó sí i. Bí ẹ bá kọ owó nìkan, tí ọjà bá gbówó lórí, ẹ ó kàn máa jẹ díẹ̀ sí i láì mọ̀.

Ẹ lọ sọ́jà fúnra yín, ó kéré tán ọjọ́ ọjà mẹ́ta, kí ẹ sì wo kóńgò dáadáa. Àwọn olùtajà kan ti fi òòlù lu ìdí kóńgò wọn wọnú. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ó kún bámúbámú, ó tún ṣe ṣóńṣó, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú sókè bí ikùn àkèré. Mo ra kóńgò gàrí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ obìnrin méjì lọ́jọ́ kan. Ìkan nínú wọn fi 100 náírà dín sí ti èkejì. Nígbà tí mo délé, mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ oníke kan náà. Èyí tó wọ́n jù dé ìlà pupa tó wà létí abọ́. Èyí tí mo rò pé mo rí ẹ̀dínwó rà, ó fi ìka méjì relẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú kóńgò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún mi, ẹni tó bá sì kọ̀, mo máa ń kọjá lọ bá ẹlòmíràn.

Bí ilé arákùnrin wa ṣe ń jẹun lọ́sẹ̀ nìyí:

- gàrí kóńgò 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1,000: 3,000
- ìrẹsì kóńgò 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan 2,600: 5,200
- ẹ̀wà kóńgò 1: 2,400
- iṣu 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1,500: 7,500
- epo pupa àti òróró: 2,500
- ata, tòmátì, àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́: 4,000
- ẹja, ẹran, ẹyin: 6,000
- iyọ̀, magí, ṣúgà, búrẹ́dì àti ohun tí àwọn ọmọ ń mú lọ ilé ẹ̀kọ́: 3,400

Ó jẹ́ 34,000 náírà lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá wo iṣu 5 tó ní ó pọ̀, kì í ṣe ará ibí. Ilé tí ọmọ Okun wà tí wọn ò gún iyán lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ ká béèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà.

Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ di ti oṣù, ó fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 136,000. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, oṣù 12 péré. Ẹ fi 52 sọ 34,000 di púpọ̀, ẹ pín in sí 12: 147,333. Iye tó sá mọ́ ọn lójú jẹ́ 11,333 lóṣooṣù. Owó tí kò mọ ibi tó ń gbà lọ nìyẹn, tó fi ń fura sí ìyàwó rẹ̀.

Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Iṣu máa ń wọ́n nígbà tí ti àtijọ́ bá ń tán tí tuntun ò tíì jáde, ó sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó bá ṣírò ní àsìkò iṣu tuntun nìkan, ó ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oko náà, owó ni

Iṣu àti gàrí ilé yìí ò ti ọjà wá. Oko wọn ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n rà á, 10,500 náírà ni lọ́sẹ̀, ìyẹn 546,000 lọ́dún. Àmọ́ oko náà ń jẹun pẹ̀lú: owó ebè kíkọ, oògùn koríko, ọlọ́kadà tó ń kó o wálé, ọlọ́lọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 180,000. Ohun tí oko fún ilé gan-an jẹ́ 366,000 lọ́dún, tàbí 30,500 lóṣù.

Jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń pe ẹni tó ní owó oṣù kékeré àti oko tó dára ní òtòṣì, tí wọ́n sì ń pe ẹni tó ń ra gbogbo ohun tó ń jẹ ní ọ̀gá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìyókù, àti owó ẹbí

Ilé: bí ẹ bá ń san owó ilé, ẹ pín ti ọdún sí 12. Ilé tó gba 150,000 lọ́dún jẹ́ 12,500 lóṣù. Arákùnrin wa ń gbé nílé bàbá rẹ̀, kò san nǹkan. Iná, èédú tàbí gáàsì, omi àti dátà fóònù: 15,000. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà: 18,000. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, èyí kì í dúró sójú kan, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ẹ̀kọ́: ọmọ mẹ́ta, 40,000 lórí ọmọ kan fún táàmù kan, táàmù mẹ́ta lọ́dún. Ó jẹ́ 360,000, tàbí 30,000 lóṣù. Ìlera: 8,000. Ọṣẹ, aṣọ, bàtà: 10,000.

Ó wá kan owó ẹbí. Gbogbo ẹni tó bá dé ibí ló máa ń sọ pé, "Kò tó nǹkan." Arákùnrin wa ní 5,000. Mo ní kó ṣí fóònù rẹ̀, kó wo gbogbo owó tó fi ránṣẹ́ láàárín oṣù 12. A kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: òkú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó gba owó màlúù àti aṣọ ẹbí. Ìkórè ìjọ. Owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bù lé olúkúlùkù. Owó ìdánwò ọmọ àbúrò rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìkómọjáde mẹ́rin. A rò ó pọ̀, ó lé díẹ̀ ní 180,000. Ó jẹ́ 15,000 lóṣù, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó sọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá owó ẹbí dúró. Ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì ya ohun tó jẹ́ dandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ojú ayé. Aṣọ ẹbí mẹ́ta lọ́dún, ojú ayé ni. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ kí ẹ má fi aṣọ lọ.

Àpapọ̀ ìyókù yìí àti owó ẹbí jẹ́ 96,000 lóṣù. Ẹ fi kún oúnjẹ 147,333, ó di 243,333. Ẹ yọ 30,500 tí oko fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí ilé náà nílò lóṣù jẹ́ 212,833 náírà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi sórí òṣùwọ̀n

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ernst Engel ti kíyè sí i láti ọdún 1857 pé bí ilé bá ṣe tálákà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nàìjíríà fi èyí hàn kedere: nígbà tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí wo bí àwọn ilé ṣe náwó lọ́dún 2019, oúnjẹ kó ju ìdá 56 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ohun mẹ́ta ni mo máa ń béèrè kí n tó pe owó kan ní owó tó dára.

Ìkíní, ṣé oúnjẹ kò kọjá ìdajì ohun tó ń wọlé? Ìkejì, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣé ìdá kan nínú mẹ́wàá kù, ó kéré tán? Ìkẹta, bí iṣẹ́ bá dúró lónìí, ṣé ilé lè jẹun oṣù mẹ́ta láì ya ilé ẹnikẹ́ni lọ yáwó?

Nílé arákùnrin wa, oúnjẹ tí oko ti fi dín jẹ́ 116,833 nínú 270,000. Kò dé ìdajì. Ohun tó kù jẹ́ 57,167, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ dáadáa. Ìkẹta ni kò tíì pé: owó tó ní nípamọ́ ò ju ti oṣù kan lọ. Ìyẹn ni pé owó rẹ̀ dára, ààbò rẹ̀ ló kù.

Bí ìdílé kan náà bá ń san owó ilé 12,500, tí kò sì ní oko, 255,833 ni wọ́n nílò. Kí oúnjẹ tó lè dúró lórí ìdajì, wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan bí 295,000. Ìlú kan náà, ọjà kan náà, ọmọ mẹ́ta kan náà. Ìdí nìyí tí ìdáhùn kan ṣoṣo ò fi lè bá gbogbo wa mu.

Bí tiyín kò bá kọjá nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe gbèsè. Ẹ ra iṣu àti ẹ̀wà nígbà ìkórè, ẹ bá ará ilé méjì mẹ́ta jọ ra àpò ìrẹsì kan. Bí ìkejì ni ẹ kò kọjá, owó ẹbí àti ọkọ̀ ni kí ẹ tún wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó sọgúndogójì dí ihò náà, pàápàá èyí tí wọ́n ń yáni lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti rí ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó.

Ẹ máa tún ìṣirò náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, àti nígbàkígbà tí owó epo bẹntiróòlù bá yí padà. Kò lè gbà yín ju wákàtí kan lọ tí ẹ bá ti ní ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ẹ tó kó lọ sí ìlú mìíràn

Ẹ tún bébà mìíràn mú, ẹ kọ ohun kan náà ní ọjà ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kó sọ iye kóńgò fún yín, ẹ má bi ẹni tó fún yín níṣẹ́. Arákùnrin wa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé Kúbwà l'Ábújà. Owó ilé, 75,000 lóṣù. Oúnjẹ láìsí oko, 190,000. Ọkọ̀, 60,000. Ilé ẹ̀kọ́, 75,000. Iná, omi àti gáàsì, 30,000. Ìlera, 12,000. Aṣọ àti ọṣẹ, 15,000. Owó ẹbí, 25,000, nítorí bí wọ́n bá ti gbọ́ pé o wà l'Ábújà, ẹni tí kì í pè tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Àpapọ̀ jẹ́ 482,000. Owó oṣù náà jẹ́ 400,000. Ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì ti kógbá sílé nìyẹn, nítorí kò ní oníbàárà kankan níbẹ̀. Gbèsè 82,000 lóṣooṣù, dípò 57,167 tó ń kù sí i lọ́wọ́ nílé.

Ó wo bébà náà títí. Ó ní, "Àǹtí, bí mo bá dá nìkan lọ ńkọ́?"

A ṣe ìyẹn náà. Ìpín tirẹ̀ nínú yàrá kan, oúnjẹ, ọkọ̀, dátà, àti owó ọkọ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù: 195,000. Ohun tí ilé tó fi sílẹ̀ ní Kàbà yóò ná: 190,000. Owó oṣù rẹ̀ àti ti ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 460,000. Ó ku 75,000. Ó fi 17,833 náírà ju èyí tó ń kù sí i lọ́wọ́ báyìí lọ, kí a tó ka lébìrà tí yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóko.

Ó fi ìka tẹ 17,833 náà. Ó béèrè ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi lọ́wọ́ mi, mo sọ fún un. Ó ní tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà ni. Ó ká bébà náà sápò, ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé àwọn tó ń yáwó, kí n sì sọ owó àjọ òun di 30,000 láti oṣù tó ń bọ̀.